OKO LEAH, Láìsí Àmì

2.

…tí ẹnikẹ́ni bá sì tún bi mí pé kí ni obìnrin fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù ńlá ṣe, màá ju búrẹ́dì àná lù ú. Búrẹ́dì àná le.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn. Mo ga. Tí mo bá na gbalaja síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbọdọ̀ yọ síta.

Ó gbọ́dọ̀ dáhùn láàárọ̀ ọyẹ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Búrẹ́dì gbígbóná kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ní Ìpẹ̀rú àti Ògèrè náà kì í dúró.

Ó gbọ́dọ̀ ní irin tí mo lè ta tapólì lé, torí àgọ́ ìjọ.

Kò gbọdọ̀ ní àkọlé kankan lẹ́yìn.

(Ìkíní ti sọnù. Èmi ni mo fà á ya. Ẹ má wá a.)


3.

Ìkéde tí mo lẹ̀ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ Ọjọ́ Keje, Ìkẹ́nnẹ́, 1984:

    MO Ń WÁ PÍKỌ́Ọ̀PÙ ÀLÒKÙ.
    Ńlá ni. Kì í ṣe èyí tó dà bí bàtà ọmọdé.
    Fún búrẹ́dì lójoojúmọ́ àti fún àgọ́ ọdọọdún.
    Ẹni tó bá ní in, kó wá sí ilé búrẹ́dì Leah Olúsànyà.
    Ẹni tó bá fẹ́ bá mi kẹ́dùn, kó dúró sílé rẹ̀.
    Wọ́n ti bá mi kẹ́dùn tó.

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:

    Àlòkù ń wá àlòkù.

N kò pa á rẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ máa rí i nígbàkígbà tó bá ń wọlé lọ gbàdúrà.


4.

Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́. Èmi ni Leah. Ọláníyọnu Olúsànyà ni ọkọ mi, tíṣà ni, ó kú nígbà òjò. Mo ṣì ń bínú sí i.

A ní píkọ́ọ̀pù kan nígbà tó wà láyé. Fọ́ọ̀dù ńlá, pupa, a rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó bá wọn la ẹsiprẹ́ẹ̀sì, tó wá ń padà sí ìlú rẹ̀. Owó búrẹ́dì mi la fi rà á. Orúkọ Ọláníyọnu ló wà nínú ìwé rẹ̀, nítorí òun ló ráyè lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀. Èmi wà nídìí ààrò. Láàárọ̀, búrẹ́dì ló ń gbé. Tí àsìkò àgọ́ bá tó, tí gbogbo ìjọ kó lọ pàgọ́ síta láti gbàdúrà, àwa méjèèjì a ta tapólì lé e lórí, a sì sùn sẹ́yìn rẹ̀.

Ọláníyọnu ló pe Owólabí, ẹni tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ ní Ṣàgámù. Ẹnu ló fi sọ ọ́ fún un: Ọkọ̀ Leah. Ó ní kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ni ín. Owólabí fi ọ̀dà ìyeyè tó nípọn kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn:

    OKO LEAH

Kò sàmì sábẹ́ rẹ̀, kò sàmì sórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi àmì sára ọkọ̀ ní gbogbo Rẹ́mọ.

Ni ìlú bá ń kà á bó ṣe wù wọ́n. Àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á ní, "Ọkọ Leah ń kọjá!" Ọláníyọnu a yọ ọwọ́ síta, a máa juwọ́ sí wọn. Bàbá kan bi í pé oko Leah yìí, kí ni wọ́n gbìn sí i. Mo ní kó lọ jẹ́ kí Owólabí tún un kọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Méjèèjì náà ni."

Méjèèjì náà ni. Ká ní ọkùnrin yìí wà láyé, ǹ bá bá a jà lónìí.


5.

Ìpàdé ẹbí Olúsànyà, lẹ́yìn ìsìnkú. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mò ń kọ ọ́ láti inú orí mi. Ẹni tó bá ní mo purọ́, kó kọ tirẹ̀.

Bàbá Fábíyìí ni olórí ẹbí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Owólabí náà. Dúrótìmí ni àbúrò ọkọ mi, akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ kan ní Ṣàgámù. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ni mo ti ń pè é ní Akọ̀wé mi. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Gbogbo ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni.

FÁBÍYÌÍ: Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀?

LEAH: Ọkọ̀ Leah, bàbá.

DÚRÓTÌMÍ: Ọkọ Leah.

FÁBÍYÌÍ: Owólabí, ìwọ lo kọ ọ́. Èwo ni?

OWÓLABÍ: Ẹ má bínú, bàbá. Lẹ́tà ni mò ń kọ. N kì í kọ ohùn.

LEAH: O gbọ́ ohùn ọkọ mi nígbà tó ń rán ọ níṣẹ́.

OWÓLABÍ: Ó ti pẹ́, mà.

(Ó kọ́kọ́ wo ojú Dúrótìmí kó tó sọ ìyẹn. Mo rí i.)

FÁBÍYÌÍ: Ká tiẹ̀ ní ọkọ Leah ni. Ta ni ọkọ Leah?

DÚRÓTÌMÍ: Ẹ̀gbọ́n mi.

FÁBÍYÌÍ: Ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ. Ta ló kù?

(Ó wo gbogbo pálọ̀ yíká.)

FÁBÍYÌÍ: Gbogbo wa ni. Gbogbo ẹni tó jókòó sí pálọ̀ yìí ni ọkọ Leah, títí kan ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yẹn. Orúkọ wa ló wà lára ọkọ̀. Ti ẹbí ni.

(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.)

DÚRÓTÌMÍ: Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n wà nínú wa.

LEAH: Èmi náà mọ̀ ọ́n wà.

FÁBÍYÌÍ: Ọkùnrin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Dúrótìmí, kó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ̀ àti ìyàwó.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà. Òun gan-an ló wọ́ ọ.


6.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò aṣọ iṣẹ́ mi, ìyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.


7.

Ìwé tí Dúrótìmí kọ ránṣẹ́ sí mi, bó ṣe kọ ọ́ gan-an:

    Iyawo wa,
    Mo gbo pe omolanke lo fi n ko buredi bayii. O dun mi.
    Oko wa nibi. Oko wa nibi.
    Eni to ba fe okan yoo mu ikeji.
    Akowe re.

Ẹ wo ìlà kẹta. Mo ní láti kà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí n tó mọ̀ pé nǹkan méjì ló wí. Akọ̀wé ni o. Wọ́n ń sanwó fún un kó máa kọ̀wé.

Èsì tí mo fún un:

    Dúrótìmí,
    Rárá.
    Leah.

Ẹ tún wo ìlà àkọ́kọ́ tèmi. Orúkọ rẹ̀ ni, gbalasa. Ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ kí ìyẹ̀fun mi tó wú. Wọ́n ní ìyàwó Olúsànyà ti ya wèrè, ó ń pe ọkọ lórúkọ. Ìyàwó kan nínú agboolé wọn kọ̀ láti ra búrẹ́dì mi mọ́. Kó máa jẹ ẹ̀bà.


8.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí, kò sí òmíràn.

Búrẹ́dì orí ọmọlanke ń dé Ògèrè ní pẹlẹbẹ. Alàgbà tó ń bójú tó oúnjẹ àgọ́ ti kìlọ̀ fún mi: tí n kò bá ní ọkọ̀ kí àgọ́ ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò gbé búrẹ́dì àgọ́ fún ẹlòmíràn ní Ṣàgámù. Búrẹ́dì àgọ́ ló ń gbé mi já ọdún. Tó bá lọ, ààrò mi á kú. Tí ààrò bá kú, màá di ẹni tí wọ́n ń bọ́, ilé ẹni tó sì fẹ́ máa bọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

N kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣú mi lópó nítorí táyà mẹ́rin.


9.

Àwọn tí mo lọ wò. Àwọn sójà ti gbàjọba, ọkọ̀ tuntun ò wọlé mọ́, àlòkù wá di ọba.

Ìparà. Ti àgbẹ̀ kan ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bí ẹni tó jẹun yó. Mo ní kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Mo bọ́ bàtà, mo gòkè, mo dùbúlẹ̀. Bàbá náà lanu sílẹ̀. Ó bi mí pé ṣé òkú ni mo fẹ́ máa fi gbé ni. Mo ní èmi alààyè ni mo fẹ́ máa fi gbé. Ẹsẹ̀ mi yọ síta láti orúnkún. Mo wọ bàtà mi.

Ògijo. Wọ́n ti fi kó irin títí ó fi sú u. Ó gùn, ó fẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, mo dùbúlẹ̀ mo sì ń rí koríko lábẹ́ mi. Eruku á jẹ búrẹ́dì náà tán kí oníbàárà tó jẹ ẹ́. Síbẹ̀ mo béèrè iye tó fẹ́ gbà. Ọkùnrin tó ń tà á wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó ní kí n lọ mú ọkọ mi wá, kí àwọn jọ sọ ọ́.

Mo ní, "Ọkọ̀ ni mo wá rà. Ọkọ kọ́."

Ó ní mo bú òun. Mo ní kò tíì gbọ́ èébú, mo sì jẹ́ kó gbọ́ díẹ̀.


10.

Ògèrè, létí ẹsiprẹ́ẹ̀sì, ọjọ́ Fúráìdé, ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́lé. Alhájà Hàbíbátù ló ń ta ọkọ̀ àlòkù níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ òwò náà, ó kú, òun ń bá a lọ.

HÀBÍBÁTÙ: Ẹ wo ti búlúù yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in ni.

LEAH: Ta ló ni ín?

HÀBÍBÁTÙ: Ẹni tó fẹ́ tà á.

LEAH: Ṣé mo lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀?

HÀBÍBÁTÙ: Tí ẹ bá ti sanwó, ẹ lè bímọ síbẹ̀.


11.

Mo dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò yọ.

Ìbàdí mi bọ́ sínú kòtò kan.

Mo mọ kòtò yẹn. Ilẹ̀kùn ààrò mi ló já lé e lọ́jọ́ tí Ọláníyọnu ní òun nìkan lè gbé e. Mo bú u títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ìgbà tí a bá wà ní àgọ́, èmi ni mò ń sùn sínú kòtò náà, torí ẹni tó dá a sílẹ̀ ní ó ń dun òun lẹ́yìn. Ara mi mọ ọkọ̀ náà kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n.

Mo fò sílẹ̀. Mo lọ sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Búlúù ni, ó ń dán. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára. Wọn kò ha ọ̀dà Owólabí kúrò. Orí rẹ̀ ni wọ́n fín tuntun lé.

    O

    K

    O

N kò fẹ́ fọwọ́ kan èyí tó kù. Mo fọwọ́ kàn án.

    L E A H


12.

Mo pariwo olè. Alhájà ní kí n má ṣe ba ọjà òun jẹ́. Ó ní Dúrótìmí Olúsànyà ló gbé e wá kí òun bá a tà á, ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun tó kú ni, ẹbí sì ti fọwọ́ sí i. Ó dárúkọ iye rẹ̀. Owó náà wà nínú ìgbànú mi, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Ó ní kí n san án, kí n máa gbé ọkọ̀ mi lọ, ta ló ń bá mi jà.

Kí n fi owó mi ra ohun mi, kí owó náà sì bọ́ sápò Dúrótìmí. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Mo fi ẹsẹ̀ gbá táyà. Mo bú òkú, mo bú alààyè.

Alhájà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Èmi náà ti sin ọkọ rí. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo rà á padà. Tí ẹ bá fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ ká kọ rìsíìtì ná."

Mi ò jẹ́ ká kọ rìsíìtì ná. Mo gbé orí lé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, mo sì sunkún tí n kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ò ríran. Nígbà tí mo nu ojú mi, tí mo tú ìgbànú, tí Alhájà mú bírò, mo gbójú sókè.

Oòrùn ti wọ̀.


13.

Mo dá owó padà sínú ìgbànú.


14.

Ohùn Hàbíbátù, bó ṣe ń rò ó fún àwọn tó yà wá wòran:

Bírò wà lọ́wọ́ mi o. Mo ti kọ L, mo ti kọ E. Ó ní kí n dúró. Ó ní Sábáàtì ti wọlé, òun kì í rà, òun kì í tà, àfi tí oòrùn ọ̀la bá wọ̀. Mo ní èmi náà kírun Jímọ̀ lónìí, mo sì tajà lẹ́yìn rẹ̀, Ọlọ́run ò bá mi jà. Ó ní òun àti Ọlọ́run ti jọ ṣàdéhùn, òun ò ní bà á jẹ́ nítorí Dúrótìmí. Mo ní ó dáa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó owó wá lọ́la, mo tà á nìyẹn. Ẹni tó ni ín náà gbọ́dọ̀ gbọ́, mo ti ránṣẹ́ sí i.

Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ padà, ó ta tapólì lé e. Tapólì mi ni o.


15.

Páálí tí mo so mọ́ ẹnu tapólì:

    ÀGỌ́ NI ÈYÍ.
    KÌ Í ṢE ỌJÀ TÍTÍ OÒRÙN YÓÒ FI WỌ̀.
    Ẹ KÍ MI, TÀBÍ KÍ Ẹ MÁA KỌJÁ.

Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀.


16.

Sábáàtì. Mo fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì tí mo gbé dání, mo jẹ ẹ́. Mo kọ orin ìyìn, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọkùnrin kan wá wo ọkọ̀, ó bá ẹsẹ̀ mi níbẹ̀, ó padà. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tún bi í pé kí ló ń dá oòrùn dúró.

Mo bá Ọláníyọnu sọ̀rọ̀. Mo ní, o rí méjèèjì rẹ báyìí? O rí i?

Ìbàdí mi wà nínú kòtò rẹ̀. Àárò rẹ̀ sọ mí.


17.

Ohùn Dúrótìmí. (Èmi ni mò ń kọ ọ́. Mo ti gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rò.)

Ta ní máa sọ pé mi ò gbìyànjú? Mo gbé ọkọ̀ náà dé ibi iṣẹ́, wọ́n ní ọkọ Leah dé. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọkọ Leah, ìyàwó ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ ọ, ó ń juwọ́. Èmi ò lè juwọ́. Mo fín in ní búlúù, wọ́n ní ọkọ Leah ti pààrọ̀ aṣọ. Ni mo bá ní kí wọ́n tà á, kí n sinmi. Ta ló wá fẹ́ rà á? Òun náà ni.


18.

Ọ̀sán Sátidé ti ń rọ̀. Dúrótìmí dé.

DÚRÓTÌMÍ: Sọ̀ kalẹ̀.

LEAH: Mò ń sinmi.

DÚRÓTÌMÍ: Alhájà, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. N kò tà á mọ́.

HÀBÍBÁTÙ: Obìnrin yìí lówó lọ́wọ́.

DÚRÓTÌMÍ: Ẹ mú un wá, mà.

(Alhájà mú un wá. Ohun ẹni ni wọ́n ń fún ẹni.)

DÚRÓTÌMÍ: Leah. Mi ò fẹ́ owó rẹ. Pè mí ní ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí àwọn tó dúró wọ̀nyí gbọ́ ọ, kí wọ́n lè rò ó dé Ìkẹ́nnẹ́. Màá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ yìí, n kò sì ní fẹsẹ̀ tẹ ilé rẹ mọ́.

(Ẹ wò ó. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyàwó Rẹ́mọ ń sọ fún ọmọ ọwọ́ láàárọ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo la ẹnu. Mo ronú ààrò mi. Mo ronú ọwọ́ tí Ọláníyọnu máa ń yọ síta.)

LEAH: Dúrótìmí.

(Ó dúró díẹ̀, bóyá nǹkan kan yóò tẹ̀ lé e. Ó wọ iwájú ọkọ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.)


19.

Oòrùn kan orí igi obì ní òdìkejì ẹsiprẹ́ẹ̀sì.

Kò tíì wọ̀.

Kò tíì wọ̀.

Ó wọ̀.

Mo tú ìgbànú níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀, mo ju owó náà sílẹ̀ síwájú Alhájà. Mo ní, "Ẹ parí rẹ̀. Ẹ kọ A. Ẹ kọ H."

Ó wo owó. Ó wo Dúrótìmí nínú díńgí ọkọ̀. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.


20.

A ti wà lórí ẹsiprẹ́ẹ̀sì. N kò mọ ibi tí Dúrótìmí ń gbé mi lọ. N kò mọ̀ bóyá Alhájà kọ orúkọ mi tán sórí rìsíìtì náà. Mo fi ọ̀bẹ búrẹ́dì ha ọ̀dà búlúù láti òkè, mo rọ̀ sórí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gbogbo lẹ́tà náà dojú dé níwájú mi, ìyeyè ń yọ. Nígbà tí mo dé orí O kejì, mo fi ẹnu ọ̀bẹ fa àmì ohùn Ọláníyọnu wálẹ̀ lé e lórí. Ó wọ irin.

Ọwọ́ kan yọ síta níwájú. N kò mọ̀ bóyá ó ń juwọ́ ni, àbí ó ń dá àwọn tó wà lẹ́yìn dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ẹ kà á sókè kí n gbọ́:

    OKÒ LEAH